Iná inú igbó Rendlesham, 1980: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí bí àwọn ológun ṣe wádìí rẹ̀

Lóṣù Kejìlá 1980, àwọn ọmọ ogun òfuurufú Amẹ́ríkà ní àwọn rí iná àràmàǹdà nínú igbó Rendlesham nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn kan sì pè é ní UFO. Àwọn ìbéèrè yìí kì í tán lẹ́nu àwọn èèyàn. Ẹni tó bá ti mọ ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ lè fo àwọn ti òkè. Ìsàlẹ̀ ni àwọn tó le wà.

Ṣé tí wọ́n bá ní UFO, ọkọ̀ àwọn ará ayé mìíràn ni wọ́n ń sọ?

Rárá o. Lẹ́nu àwọn ológun, UFO ni ohunkóhun tí ẹnì kan rí lójú ọ̀run tí kò sì mọ ohun tó jẹ́. Bàlúù lè jẹ́ UFO fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kó tó sún mọ́ni kó sì di bàlúù padà. Ìràwọ̀ náà lè jẹ́ ẹ. Àìmọ̀ wa ni orúkọ yẹn ń jẹ́, kì í ṣe ọkọ̀ kankan. UAP ni ìjọba Amẹ́ríkà ń pè é báyìí, torí pé aráyé ti sọ UFO di ohun mìíràn.

Níbo ni Rendlesham wà, kí sì ni àwọn ará Amẹ́ríkà ń wá níbẹ̀?

Igbó ọba ni, ní àgbègbè Suffolk, lápá ìlà-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò sì jìnnà sí òkun. Igi páìnì ló kún ibẹ̀. Lọ́dún 1980, ibùdó ọmọ ogun òfuurufú méjì ló wà nítòsí rẹ̀, Bentwaters àti Woodbridge. Orúkọ RAF, ìyẹn ti ọmọ ogun òfuurufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló wà lára ibùdó méjèèjì, àmọ́ àwọn ará Amẹ́ríkà ló ń lò wọ́n. Ìgbà tí Amẹ́ríkà àti Soviet ń wo ara wọn bí ológbò àti eku ni.

Ẹ fi èyí sọ́kàn: inú ọgbà ibùdó ni àṣẹ àwọn ará Amẹ́ríkà mọ. Igbó tó wà lẹ́yìn géètì, ìkáwọ́ ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ọlọ́pàá Suffolk ló wà. Púpọ̀ nínú ohun tó ń rú àwọn èèyàn lójú lórí ọ̀rọ̀ yìí, ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀.

Kí ló ṣẹlẹ̀ gan-an?

Òru méjì ni. Àkọ́kọ́ ni ìdájí ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá, Kérésì ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá. Ní nǹkan bí aago mẹ́ta, àwọn tó ń ṣọ́ géètì apá ìlà-oòrùn Woodbridge rí iná tó dà bíi pé ó ń já bọ̀ sínú igbó. Wọ́n rò pé bàlúù kan ló já. Àwọn mélòó kan wọ igbó lọ wò ó. Jim Penniston àti John Burroughs wà lára wọn. Nígbà tí wọ́n dé, wọ́n ní àwọn rí iná aláràbarà láàárín igi.

Ìkejì ni ìdájí ọjọ́ 28. Charles Halt, ìgbákejì ọ̀gá ibùdó, kó àwọn èèyàn sẹ́yìn, ó wọ igbó. Wọ́n mú ẹ̀rọ tó ń wọn ìtànṣán olóró dání, Halt sì mú rẹ́kọ́dà kékeré kan tó fi ń gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní ṣe lòun ń lọ fòpin sí àhesọ tó ti gba ibùdó kan. Òun náà bá rí iná.

Ta ló kọ́kọ́ wádìí rẹ̀?

Ọlọ́pàá ni. Aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mọ́kànlá ni wọ́n pe ọlọ́pàá Suffolk ní ìdájí ọjọ́ 26. Wọ́n dé inú igbó, wọ́n wò yíká, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé iná kan ṣoṣo tí àwọn rí ni ti Orford Ness, ilé gogoro etíkun tó ń tan iná ṣẹ́jú-ṣẹ́jú fún àwọn ọkọ̀ ojú omi.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwọn ọmọ ogun padà lọ, wọ́n sì rí ihò kéékèèké mẹ́ta nílẹ̀, tí wọ́n tò bí òkúta ààrò. Wọ́n rí ẹ̀ka igi tó kán, wọ́n sì rí àpá lára igi tí wọ́n pè ní àpá iná. Ọlọ́pàá tún wá ní nǹkan bí aago mẹ́wàá ààbọ̀, ó wo ihò náà, ó ní ẹranko lè ti gbẹ́ ẹ. Òṣìṣẹ́ igbó kan tó ń gbé nítòsí sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ: ó ní ehoro ló gbẹ́ ihò, pé àpá àáké sì lohun tí wọ́n pè ní àpá iná, èyí tí àwọn òṣìṣẹ́ igbó fi sàmì sára igi tí wọ́n fẹ́ gé, tí oje páìnì sì ń hó jáde níbẹ̀. Ẹni tó bá ti rí igi tí fọ́rẹ́sítà fi àáké sàmì sí nílé wa yóò mọ ohun tó ń wí.

Kí ló wà nínú mẹ́mò tí Halt kọ?

Ojú ìwé kan ni, ìpínrọ̀ mẹ́ta. Ọjọ́ 13 oṣù Kìíní ọdún 1981 ló kọ ọ́, “Àwọn iná tí kò ní àlàyé” ló sì pe àkọlé rẹ̀. Ìpínrọ̀ àkọ́kọ́ sọ ohun tí àwọn ti òru àkọ́kọ́ ní àwọn rí: ohun kan tó rí bí irin, onígun mẹ́ta, tó fẹ̀ tó mítà méjì sí mẹ́ta nísàlẹ̀, tó ga tó mítà méjì, iná pupa ń tàn-ń-kú lórí rẹ̀, iná búlúù wà nísàlẹ̀. Ó ní àwọn ẹran ọ̀sìn oko kan nítòsí ń sá kíjokíjo. Ìkejì sọ ti ihò mẹ́ta náà: ọ̀kọ̀ọ̀kan jìn tó ínṣì kan ààbọ̀, ó fẹ̀ tó ínṣì méje. Ìkẹta ni ohun tí òun fúnra rẹ̀ rí.

Ohun tó ba mẹ́mò yẹn jẹ́ ni ọjọ́. Ó kọ ọjọ́ 27 sípò 26, ó sì kọ 29 sípò 28. Ó lé ní ọ̀sẹ̀ méjì tí ọ̀rọ̀ ti ṣẹlẹ̀ kó tó gbé bírò, ó sì jọ pé orí ló fi ka ọjọ́. Bí ọ̀gá ológun bá lè ṣi ọjọ́ Kérésì kà, ẹ má ṣe fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ lórí ìṣẹ́jú àti mítà búra.

Kí ni iléeṣẹ́ ètò ààbò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe nígbà tí mẹ́mò dé ọwọ́ wọn?

Díẹ̀. Donald Moreland, ọ̀gá RAF tó wà ní ibùdó náà láàárín àwọn ará Amẹ́ríkà, ló fi mẹ́mò ránṣẹ́ sí London. Ọ́fíìsì tó ń gba irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ bi àwọn ibùdó réédà bóyá wọ́n rí nǹkan; wọ́n ní àwọn ò rí ohun àrà kankan. Àmọ́ ọjọ́ inú mẹ́mò ni wọ́n fi ń wá a, ọjọ́ yẹn kò sì tọ̀nà. Wọ́n tún béèrè lọ́wọ́ àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ológun nípa ìtànṣán. Kò sẹ́ni tó wọ ọkọ̀ láti London wá wo ihò. Kò sẹ́ni tó jókòó ti Burroughs tàbí Penniston kó bi wọ́n ní ìbéèrè. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ náà kò kan ètò ààbò, wọ́n sì ti fáìlì.

Àwọn kan ka èyí sí ìwà ìbòmọ́lẹ̀. Lójú tèmi, ìbéèrè wọn ló yàtọ̀ sí tiwa. Ọlọ́dẹ tó bá gbọ́ ìró lẹ́yìn ògiri láago méjì òru, ohun tó fẹ́ mọ̀ ni bóyá olè ni. Bí kì í bá ti í ṣe olè, ó padà sórí àga rẹ̀. Kò ní í fi tọ́ọ̀ṣì wá a kiri bóyá ológbò ni àbí òkété. “Ṣé ó léwu?” ni iléeṣẹ́ náà béèrè. Aráyé sì ń bi wọ́n títí di òní pé “Kí ni?” Wọn ò wádìí ìyẹn rí.

Kí ló dé tí Amẹ́ríkà kò ṣe ìwádìí tirẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé ọmọ wọn ló rí i?

Ìdí méjì ni. Àkọ́kọ́, ilẹ̀ onílẹ̀ ni igbó náà, bí mo ṣe sọ lókè. Ìkejì, ọmọ ogun òfuurufú Amẹ́ríkà ti jáwọ́ nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Láti 1952 títí di òpin 1969, wọ́n ní ẹ̀ka kan tí wọ́n ń pè ní Project Blue Book. Ìròyìn 12,618 ni wọ́n gbà, 701 ló sì ṣẹ́ kù tí wọn ò rí àlàyé fún. Wọ́n tì í pa, wọ́n ní kò sí èyíkéyìí tó fi ewu han orílẹ̀-èdè. Nígbà tí iná Rendlesham yóò fi tàn, kò sí ọ́fíìsì kankan ní Amẹ́ríkà tí Halt ì bá kọ̀wé sí.

Wọ́n ti tún dá òmíràn sílẹ̀ lọ́dún 2022, AARO lorúkọ rẹ̀. Ìròyìn tí wọ́n gbé jáde ní oṣù Kẹta 2024 ní àwọn ò rí ẹ̀rí kankan nínú gbogbo ìwádìí ìjọba Amẹ́ríkà látẹ̀yìnwá pé ọkọ̀ ará ayé mìíràn ni èyíkéyìí nínú ohun tí wọ́n rí.

Báwo ni aráyé ṣe wá gbọ́?

Lọ́dún 1983, àwọn kan lo òfin ẹ̀tọ́ sí ìwé ìjọba ní Amẹ́ríkà láti gba mẹ́mò náà jáde. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹwàá ọdún yẹn, ìwé ìròyìn News of the World gbé e sójú ewé àkọ́kọ́ pé UFO ti balẹ̀ sí Suffolk, ìjọba ló sì sọ bẹ́ẹ̀. Ìjọba kò sọ bẹ́ẹ̀. Òṣìṣẹ́ kan ló kọ̀wé pé àwọn èèyàn rí iná.

Wọ́n ní ìtànṣán olóró pọ̀ nínú ihò mẹ́ta yẹn. Ṣé ìyẹn kì í ṣe ẹ̀rí?

Ẹ̀rọ AN/PDR-27 ni wọ́n mú lọ. Wọ́n ṣe é fún ibi tí bọ́ǹbù átọ́míìkì bá ti bú, kí ọmọ ogun lè mọ ibi tó lè gbà kọjá láìkú. Fífi í wọn ìtànṣán kékeré tó wà nílẹ̀ níbi gbogbo dà bí ìgbà tí èèyàn gbé ìyẹ́ adìẹ sórí òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn àpò sìmẹ́ǹtì. Abẹ́rẹ́ yóò mì díẹ̀ nísàlẹ̀ ojú rẹ̀, oníkálukú yóò sì ka ohun tó bá wù ú.

Ẹ gbọ́ káṣẹ́ẹ̀tì tí Halt gba ohùn sí lóru yẹn: nọ́ńbà tó ga jù tí wọ́n pè jáde ni 0.07 mílírọ́ńjẹ̀n ní wákàtí kan. Nígbà tí yóò fi di mẹ́mò, ó ti di 0.1. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí wọ́n bi lọ́dún 1981 sọ pé nọ́ńbà mẹ́mò ga ju èyí tó máa ń wà nílẹ̀ lọ, òótọ́ ló sì sọ, àmọ́ kò mọ irú ẹ̀rọ tí wọ́n fi wọ̀n ọ́n àti ibi tí abẹ́rẹ́ dúró sí.

Ṣé lóòótọ́ ni pé ilé iná etíkun ni wọ́n ń lé kiri?

Ian Ridpath, òǹkọ̀wé tó mọ̀ nípa ìràwọ̀ dáadáa, ló sọ èyí di mímọ̀ láti 1983. Tí èèyàn bá dúró létí igbó níbi tí ọ̀rọ̀ ti ṣẹlẹ̀, tó kọjú sí ìlà-oòrùn, pápá oko ló wà níwájú rẹ̀, ilé àgbẹ̀ kan wà lódì kejì, iná Orford Ness sì wà lẹ́yìn ilé náà lọ́nà bíi máìlì márùn-ún. Halt fúnra rẹ̀ sọ nínú káṣẹ́ẹ̀tì pé iná tí òun ń wò fẹ́rẹ̀ẹ́ wà ní ọ̀kánkán ilé àgbẹ̀ kan. Ó ní ó ń ṣẹ́jú bí ojú èèyàn.

Ẹ mú aago, kí ẹ gbọ́ apá ibi tí ọ̀kan nínú wọn ti ń pariwo pé “òun nìyẹn, ó tún dé.” Ẹ ka ìṣẹ́jú àáyá tó wà láàárín ìgbà tó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kíní àti ìgbà tó tún sọ ọ́. Márùn-ún ni. Ìṣẹ́jú àáyá márùn-márùn-ún sì ni iná Orford Ness fi ń ṣẹ́jú. Èmi ò tíì rí àlàyé tó ju ìyẹn lọ.

Ti òru àkọ́kọ́ ńkọ́? Burroughs kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà náà pé àwọn tọ iná kan tó ń yí lọ tó bíi máìlì méjì kí àwọn tó rí i pé ilé iná etíkun ló ti ń wá. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi kọ ọ́. Àmọ́ ìwé kan náà sọ pé àwọn ti kọ́kọ́ rí iná aláwọ̀ mìíràn, pupa àti búlúù, ilé iná etíkun kò sì ní iná búlúù. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ṣì há sí.

Halt ní òun mọ ilé iná etíkun dáadáa, pé kì í ṣe òun. Ṣé irọ́ ló ń pa?

Èmi ò rò pé irọ́ ni. Ó ní òun rí ilé iná náà lọ́tọ̀, lápá ọ̀tún ohun tí òun ń wò. Ìdáhùn Ridpath ni pé ọkọ̀ ojú omi kan wà tí wọ́n so mọ́lẹ̀ sójú òkun, Shipwash lorúkọ rẹ̀, òun náà ń tan iná, apá ọ̀tún yẹn gan-an ló sì wà. Ó ní iná ọkọ̀ yẹn ni Halt kà sí ti ilé etíkun. Èèyàn lè mọ ilé iná láti ojú títì lọ́sàn-án kó má dá a mọ̀ láàárín igi lóru.

Halt kò gbà. Lọ́dún 2010, ó fọwọ́ sí ìwé ìbúra pé ohun tí òun rí kì í ṣe ti ayé yìí, àti pé ìjọba méjèèjì fẹ́ bò ó mọ́lẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀ nígbà náà, Ted Conrad, ní òun jáde síta lóru ọjọ́ náà nígbà tí Halt ń ròyìn lórí rédíò, òun wo ojú ọ̀run, òun ò sì rí ohun tó jọ ohun tó ń wí.

Iná tó kọ́kọ́ já bọ̀ láti ọ̀run ńkọ́? Ilé iná kì í já.

Bẹ́ẹ̀ ni, kì í já. Àmọ́ ní ìdájí yẹn kan náà, kó tó di aago mẹ́ta, ìràwọ̀ ńlá kan já lójú ọ̀run gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn èèyàn níbòmíràn sì rí i. Òkúta tó ń jóná bó ṣe ń bọ̀ láti òkè ni. Ojú kì í mọ bí irú rẹ̀ ṣe jìnnà tó. Ohun tó wà ní ọgọ́rùn-ún máìlì yóò dà bíi pé ẹ̀yìn igi yẹn ló bọ́ sí.

Àwọn iná tí Halt ní ó dúró lójú ọ̀run fún wákàtí kan sí mẹ́ta ńkọ́?

Méjì lápá àríwá, ọ̀kan lápá gúúsù, wọ́n lọ sílẹ̀ sí ibi tí ọ̀run ti pàdé ilẹ̀, wọ́n ń yí àwọ̀, wọ́n ń fò síhìn-ín sọ́hùn-ún. Sirius, ìràwọ̀ tó mọ́lẹ̀ jù lọ lálẹ́, wà lápá gúúsù nígbà yẹn. Ìràwọ̀ tó bá lọ sílẹ̀ máa ń tàn pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù ní ìṣẹ́jú kan náà nítorí afẹ́fẹ́ tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ gbà kọjá. Ẹni tó bá sì tẹjú mọ́ iná kékeré kan nínú òkùnkùn biribiri yóò máa rí i bíi pé ó ń rìn. Ohun tó ń fò káàkiri kì í dúró sójú kan fún wákàtí mẹ́ta.

Kí ló dé tí ìtàn Penniston kò dúró sójú kan?

Nínú ìròyìn ìbẹ̀rẹ̀, ibi tó sún mọ́ ọn dé jù ni àádọ́ta mítà. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀, ó ní òun dé ìdí ọkọ̀ náà, òun fọwọ́ kàn án, òun rí àmì lára rẹ̀, òun sì yà wọ́n sínú ìwé ajákọ. Nígbà tó di 2010, ó ní nọ́ńbà òdo àti oókan tí òun kọ sínú ìwé kan náà jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán. Ọjọ́ 27 ló wà lára ìwé ajákọ náà, ọjọ́ tí Halt ṣi kọ sínú mẹ́mò.

Mi ò ní kí ẹ pe ẹnikẹ́ni ní òpùrọ́. Àmọ́ bí ẹ bá fẹ́ fi ẹnu ẹlẹ́rìí ṣe nǹkan, èyí tó kọ́kọ́ sọ ni kí ẹ mú.

Ṣé òótọ́ ni pé fáìlì sọnù?

Òótọ́ ni. Fáìlì àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ológun tó kan àsìkò náà kò sí níbi tó yẹ kó wà nígbà tí wọ́n wá a, ìwé tí ìjọba tú síta lọ́dún 2011 ló sì fi èyí hàn. Fáìlì ọ́fíìsì tó gba mẹ́mò wà ní tirẹ̀, ó ti wà lójútáyé láti 2001. Ẹni tó bá ti dúró lórí ìlà rí lọ́fíìsì ìjọba fún ìwé tí wọ́n ní “a ṣì ń wá a” mọ̀ pé fáìlì lè sọnù láìsí ọwọ́ ẹnikẹ́ni ńbẹ̀.

Olórí ológun tẹ́lẹ̀ kan ní ọ̀rọ̀ náà kan ètò ààbò lọ́nàkọnà. Kí ni ìdáhùn sí ìyẹn?

Lord Hill-Norton ni, ẹni tó jẹ́ olórí gbogbo ológun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti 1971 sí 1973. Àlàyé rẹ̀ ṣe gbọ̀ọ̀rọ̀gbọ: yálà ohun kan wọ ilẹ̀ wa lẹ́bàá ibùdó bàlúù ogun, tàbí ìgbákejì ọ̀gá ibùdó náà àti àwọn ọmọ ogun rẹ̀ rí ohun tí kò sí. Èyí tó wù kó jẹ́, ó ní ó yẹ kí iléeṣẹ́ ètò ààbò bìkítà. Ó béèrè nílé aṣòfin lọ́pọ̀ ìgbà, ìdáhùn kan náà ni wọ́n ń fún un.

Nínú gbogbo ohun tí àwọn tó gbà pé ọkọ̀ àjèjì ni ń sọ, èyí nìkan ló máa ń dá mi dúró. Àmọ́ ojú ọ̀nà kẹta wà tí kò kà: kí ọkùnrin tí orí rẹ̀ pé ṣi iná kan mọ̀ lóru òtútù, lẹ́yìn ọjọ́ méjì tí àhesọ ti ń jà nínú ibùdó. Ìyẹn kò nílò wèrè, kò nílò ọkọ̀. Síbẹ̀ ó tọ́ kí ẹnì kan ti London lọ bi wọ́n léèrè, òótọ́ ni Hill-Norton wí níbẹ̀. Ọ́fíìsì náà fúnra rẹ̀ ti kógbá sílé lọ́dún 2009.

Ṣé èèyàn lè lọ síbẹ̀ lónìí kó fojú ara rẹ̀ wò ó?

Ẹ lè lọ. Àwọn tó wà ní London lè wọ rélùwéè láti Liverpool Street dé Ipswich, kí wọ́n wọ òmíràn dé Woodbridge tàbí Melton. Àwọn aláṣẹ igbó ti la ọ̀nà ẹsẹ̀ kan tó tó máìlì mẹ́ta, tí wọ́n fi àmì UFO sí. Àwọn ọmọ ogun òfuurufú Amẹ́ríkà ti kúrò ní ibùdó méjèèjì láti 1993, ilé ni wọ́n kọ́ sí apá kan Bentwaters.

Àmọ́ ohun tí ẹ fẹ́ wò kò sí níbẹ̀ mọ́. Ìjì líle oṣù Kẹwàá 1987 ti wó ọ̀pọ̀lọpọ̀ igi tó wà nígbà náà, àwọn tó wà níbẹ̀ báyìí jẹ́ ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀. Wọ́n pa iná Orford Ness lọ́dún 2013 nítorí pé òkun ń jẹ ilẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, wọ́n sì wó ilé náà lulẹ̀ lọ́dún 2020. Ẹni tó bá dúró létí igbó lóru báyìí, tó kọjú sí ìlà-oòrùn, tó ka ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún, kò ní rí nǹkan kan.